Ọmọ Ta Ni Áífóònù?

Ẹ má bi mí bí mo ṣe di akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa. Mo ní kọ̀ǹpútà alágbèéká, mo sì máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó mọ̀ ọ́n lò. Ìyẹn ti tó fún wọn. Àwọn tiwa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù wá fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí ímeèlì mi pé kí n kà á sétí Kábíyèsí níbi ìpàdé ọdún. Ìyàwó mi ní, "Dádì, ẹ kúkú lọ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà." Mo rẹ́rìn-ín. Bébà kẹ̀?

Mo mọ̀ pé nẹ́tíwọ̀kì ìlú wa kò ṣeé gbára lé. Òpó àwọn ilé iṣẹ́ fóònù wà níbẹ̀, ó ga fíofío, àmọ́ ọjọ́ tí dísẹ́ẹ̀lì bá tán nínú jẹnẹrétọ̀, ẹyẹ nìkan ló ń jàǹfààní rẹ̀. Síbẹ̀ wọn kì í sinmi àtita dátà fún wa, dátà oṣù kan tó máa kú lọ́jọ́ tí oṣù bá pé, ẹ rí i lò o, ẹ kò rí i lò o. Owó mi dà? Ẹ jẹ́ kí n fi ibẹ̀ sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ mi ti fẹ́ ru.

Ohun tó wà nídìí ímeèlì orí ayélujára ni pé kò sí lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Kànga tó wà lágbàálé ẹlòmíràn ni, nẹ́tíwọ̀kì sì ni okùn. Ọgbọ́n ibẹ̀ ni kí ẹ fa omi sínú àmù yín kí okùn tó já. Gmail ti ń dán èyí wò láti ọdún 2009, nígbà tí ẹ kọ́kọ́ ní láti gbé ohun kan tí wọ́n ń pè ní Gears sórí kọ̀ǹpútà. Láti 2018, ó ti wà nínú Gmail fúnra rẹ̀, bó bá jẹ́ Chrome lẹ ń lò. Ẹ ó wọ ibi ètò, ẹ ó tẹ Offline, yóò sì bi yín pé lẹ́tà ọjọ́ mélòó lẹ fẹ́ kó fà sílẹ̀: 7, 30, àbí 90? Lẹ́yìn náà, ẹ ó jókòó tì í. Ẹni tó bá pa kọ̀ǹpútà dé lójú ẹsẹ̀, àmù rẹ̀ kò ní kún. Èmi mú 90, mo jókòó tì í, mo pa nẹ́tíwọ̀kì, mo dán an wò. Lẹ́tà ṣí. Ìwé tí wọ́n so mọ́ ọn náà ṣí. Ta ló tún gbọ́n tó mi?

Ìbéèrè kan ṣì wà nísàlẹ̀ o: bí mo bá jáde nínú àkáǹtì, ṣé kó tọ́jú àwọn lẹ́tà náà ni, àbí kó pa wọ́n rẹ́? Mo rántí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ẹni tí kì í rí kọ̀ǹpútà mi kó má fọwọ́ kàn án. Mo ní kó pa wọ́n rẹ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí mò ń lọ, mò ń wọ agbádá lọ́wọ́ ní Ìbàdàn, ọmọ náà yọjú. Kíá, mo jáde nínú àkáǹtì. Mo tiẹ̀ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé kò rí mi mú.

Ààfin kún. Wọ́n pè mí, mo dọ̀bálẹ̀, mo dìde, mo gbé kọ̀ǹpútà sórí tábìlì. "Kábíyèsí," mo ní, "lẹ́tà yìí kò sí lórí bébà. Ayé ti kúrò níbẹ̀." Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Mo ṣí Gmail. Ẹranko kékeré aláwọ̀ eérú tí Chrome máa ń fi hàn bí kò bá sí íntánẹ́ẹ̀tì ló dúró níbẹ̀ tó ń wò mí. Mo tún un ṣí. Òun náà ni. Òógùn bò mí. Ọmọdé kan tó ti rá pálá dé ẹ̀yìn mi pariwo: "Bọ̀dá, ẹ tẹ bọ́tìnnì gígùn yẹn, ó máa fò!" Ìpayà mú mi, mo tẹ̀ ẹ́. Ẹranko fò.

Èmi fúnra mi ni mo da àmù nù ní Ìbàdàn.

Mo yọ fóònù. Áàpù inú rẹ̀ ní àmù tirẹ̀ lọ́tọ̀, lẹ́tà náà sì wà níbẹ̀! Mo gbóhùn sókè, mo ń túmọ̀ rẹ̀ bọ̀: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo ìwé tí a so mọ́ èyí." Orúkọ ìwé náà nìkan ni fóònù fà sílẹ̀, kò fa ìwé náà. Ẹnu mi kò sì lè dúró, ni mo bá ka ohun tó kù nísàlẹ̀: "A fi í ránṣẹ́ láti ọ̀dọ̀ Áífóònù mi."

Ààfin dákẹ́. Olóyè Ọ̀tún wá na ọrùn síwájú. "Akọ̀wé, ta ni Áífóònù? Ọmọ ilé ta ni, nínú ìlú yìí?" Bàbá yìí, fóònù tó wà lápò rẹ̀ tóbi ju tèmi lọ! Kábíyèsí fi ìrùkẹ̀rẹ̀ bojú, àmọ́ èjìká wọn ń mì.

Ìyá kan nínú ẹgbẹ́ obìnrin, tí wọ́n fi ẹ̀dà lẹ́tà náà ránṣẹ́ sí, tú báàgì, ó yọ bébà jáde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Èmi tí mo ṣí ìwé náà wò nílé kò kà á délẹ̀. Ìsàlẹ̀ pátápátá ló ti wà: àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù dábàá pé kí ìlú dá ìgbìmọ̀ ìmọ̀ ẹ̀rọ ayélujára sílẹ̀, kí wọ́n sì fi akọ̀wé, ìyẹn èmi, ṣe alága rẹ̀.

Ọ̀tún ló kọ́kọ́ dìde. "Kábíyèsí, mo fara mọ́ ọn. Kí Áífóònù máa ṣe igbákejì rẹ̀."