Ẹ Bá Wa Gba Orúkọ Ìlú Wa Lábẹ́ Bíríìjì

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Àwa ọmọ Ìwó olódídẹ, tí rélùwéè ti ń kọjá nílùú wa láti ayé òyìnbó, tí Yunifásítì Bowen wà lọ́dọ̀ wa, kí ló kàn wá nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìbàdàn? Síbẹ̀, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, rédíò á figbe ta: “Ìwó Road ti dí pa o!” Àwọn àna mi l'Ékòó gbà pé ìlú wa ni wọ́n ń wí. Ìyá ìyàwó mi ò wá síbi ìsọmọlórúkọ, ó ní òun gbọ́ pé Ìwó ò ṣeé wọ̀.

Ọ̀nà ilé wa ni Ìwó Road lóòótọ́, láti Agodi Gate n'Ìbàdàn gba Mọ́nátán àti Lálúpọn bọ̀. Títì márosẹ̀ Èkó, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1978, ló wá dábùú rẹ̀. Bíríìjì gbé ẹni tó ń lọ tààrà kọjá lókè. Àwa tó kù di èrò ráńdábáòtù nísàlẹ̀: ará Ifẹ̀, ará Òjóò, tírélà, Mícrà, ọ̀kadà, alátẹ ọsàn.

Ráńdábáòtù ò kúkú lẹ́bi. Ó dààmú àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà rí, títí wọ́n fi ṣòfin lọ́dún 1966 pé ẹni tó wà nínú ayípo ló lọ̀nà, kí ẹni tó ń bọ̀ ṣe sùúrù. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tí bọ́ńpà rẹ̀ ti bàjẹ́ jù ló lọ̀nà. Ẹni tó fẹ́ wọlé á dínà mọ́ ẹni tó fẹ́ jáde, ẹni tí kò ríbi jáde á dínà mọ́ gbogbo ayé, gbogbo wa á wá máa fun fèrè síra wa bí ẹgbẹ́ akọrin.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ya àwòrán ọ̀nà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì gbé bíríìjì mìíràn wá. Ẹni tó fẹ́ yà ò lè yà lókè. Ẹ fi kọ́ńkéré dá ọ̀nà ọ̀tọ̀ fún ẹni tó ti Èkó bọ̀ tó fẹ́ yà sọ́tùn-ún wá sí Ìwó, kó má ríbi wọ inú ayípo rárá. Àwa la ṣáà ni orúkọ! Kí ẹ sì lé ibi tí wọ́n ti ń gbérò jìnnà sẹ́nu ọ̀nà. Ìjọba Gómìnà Mákindé ti kọ́ ibùdókọ̀ ńlá síbẹ̀, mo kan sáárá. Àmọ́ èrò ò fẹ́ fẹsẹ̀ rìn dé inú rẹ̀.

Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ yọ orúkọ wa kúrò, kí ẹ pè é ní Ẹdẹ Road. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ ọmọ Ẹdẹ lábẹ́ bíríìjì níbẹ̀, inú bí i, ó ní kí n gbé ẹrù mi dání. Kí n tó fèsì, ó ti nawọ́ dá Mícrà dúró láàárín títì, ó ń ná owó ọkọ̀, àwọn tó wà lẹ́yìn sì ń ṣépè dé Mọ́nátán.