Ìlú Ló Ń Bọ́ Abà

Àwa tí a ń gbé lókè òkun ti mọ fídíò àwọn òyìnbó tó kó kúrò ní ìlú ńlá, tí wọ́n lọ fọwọ́ ara wọn kọ́lé sínú oko. Wọ́n á jí, wọ́n á mu kọfí níwájú ilé, wọ́n á já tòmátì mélòó kan, wọ́n á sì jókòó ti ìwé títí oòrùn yóò fi wọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ṣírò iye éékà tí owó ìfẹ̀yìntì lè rà lẹ́yìn Ògbómọ̀ṣọ́, ká lè lọ máa jẹ irú ayé bẹ́ẹ̀. Èmi ò sọ pé irọ́ ni ìdẹ̀ra náà. Ohun tí mò ń sọ ni pé kì í ṣe oko ló ń pèsè rẹ̀, ìlú ni. Àwọn baba wa tó nílé n'Ibàdàn, tí wọ́n tún ní abà lóko egàn, mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọn ò sì fi í pamọ́. Òyìnbó ló máa ń gé ìlú kúrò nínú fọ́tò.

Ẹ jẹ́ ká yẹ baba ìsàlẹ̀ gbogbo wọn wò, Henry David Thoreau, ará Concord ní Massachusetts, tó kó wọnú ahéré tó kọ́ fúnra rẹ̀ létí adágún Walden ní ọjọ́ 4 oṣù Keje, ọdún 1845. Ẹsẹ̀ bàtà 10 ni ilé náà ní fífẹ̀, 15 ní gígùn. Dọ́là 28 àti sẹ́ǹtì 12 ààbọ̀ ló ná lé e lórí. Ẹ̀wà ló pọ̀ jù nínú ohun tó gbìn sórí nǹkan bí éékà méjì ààbọ̀, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ sì ti bẹ́yìn yọ. Ẹran kan wà lágbègbè náà tí wọ́n ń pè ní woodchuck, ó sún mọ́ ọ̀yà ní títóbi, ó sì ń gbẹ́ ihò. Àwọn ẹran yìí jẹ ẹ̀wà mọ́lẹ̀ fínnífínní lórí ìdá kan nínú mẹ́rin éékà. Àgbẹ̀ Ìkirè ì bá ti dẹ pàkúté, ì bá sì ti mọ ẹni tí yóò lọ ata. Ṣùgbọ́n ẹni tó kàwé jáde ní Harvard nìyí: ó kọ́kọ́ jókòó, ó ń bi ara rẹ̀ léèrè ẹ̀tọ́ tí òun ní láti hú ewéko tí ẹranko ti ń jẹ kí òun tó débẹ̀. Ìgbà tí àṣàrò yìí ò dá ẹ̀wà padà, ó pa ọ̀kan, ó sì jẹ ẹ́, ó ní lápá kan, òun fẹ́ dán an wò ni. Ó gbádùn rẹ̀ díẹ̀, ó wá ń ráhùn pé ó ń rùn, ó sì gbà wá nímọ̀ràn pé ká má fi ṣe oúnjẹ ojoojúmọ́, bí alápatà tiẹ̀ bá wa tún un ṣe. Ẹran ìgbẹ́ tí ata àti àlùbọ́sà ò bá sọ̀rọ̀, kí ló fẹ́ kó máa ta sánsán? Èyí tó dùn jù ni pé Thoreau kì í jẹ ẹ̀wà! Ìrẹsì ló fi wọ́n pààrọ̀. Èrè gbogbo làálàá ọdún náà jẹ́ dọ́là 8 àti sẹ́ǹtì 71 ààbọ̀.

Ta ló lè ráyè bá ẹran inú ihò ro ẹjọ́ ilẹ̀ nígbà tó ń jẹ oúnjẹ rẹ̀ lọ? Ẹni tí ebi ò lè pa ni. Ẹ̀wà náà ì bá ṣègbé pátá, Concord ò jìnnà. Thoreau kọ ọ́ fúnra rẹ̀ pé lójoojúmọ́ tàbí lọ́jọ́ méjì síra ni òun ń lọ gbọ́ òfófó níbẹ̀. Emerson ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ni ilẹ̀. Àwọn òbí rẹ̀ wà nínú ìlú, bàbá rẹ̀ ń ṣe pẹ́ńsù tà. Ètò tiwa gan-an nìyẹn: ẹni tó ní oko etílé ń lọ ó ń bọ̀, ẹni tó wà lóko egàn ń sùn sí abà, ṣùgbọ́n ilé wà nílùú, ibẹ̀ la ti ń ṣe Iléyá, ibẹ̀ la ti ń sọmọ lórúkọ, ibẹ̀ la sì ń gbé òkú lọ. Ẹlòmíràn á ní Helen àti Scott Nearing ńkọ́, tí wọ́n kúrò ní New York lọ sí Vermont ní 1932, tí wọ́n fi òkúta kọ́lé, tí wọ́n sì pín ọjọ́ sí mẹ́ta, wákàtí mẹ́rin fún iṣẹ́ oúnjẹ, mẹ́rin fún iṣẹ́ tó wu kálukú, mẹ́rin fún àwùjọ? Wọn ò jẹ ẹran, wọn ò sì sin ẹran, nítorí náà kò sí ewúrẹ́ tí wọ́n máa wá kiri nírọ̀lẹ́. Ìgbà tí ìwé tí wọ́n kọ nípa ìgbé ayé náà tún jáde ní 1970, àwọn ọ̀dọ́ ló ń ya lọ bá wọn ní Maine tí wọ́n ti kó lọ, tí wọ́n ń bá wọn ṣiṣẹ́ oko. Ẹni tó rí irú ọ̀wẹ̀ bẹ́ẹ̀ lè pín ọjọ́ rẹ̀ bó ṣe wù ú.

Tí ọ̀rọ̀ bá wá kan àwa fúnra wa, ẹ̀rín ń tán lẹ́nu mi. Thoreau ra pákó ilé rẹ̀ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ojú irin kan. Bó ṣe ń kó o lọ díẹ̀díẹ̀, aládùúgbò kan tó ń jẹ́ Seeley ń ki ìṣó tó ṣì dára bọ àpò. Ẹnikẹ́ni tó ti fi owó símẹ́ǹtì ránṣẹ́ sílé mọ Seeley, àfi pé tiwa tún máa ń fi fọ́tò ilé onílé ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Òkèèrè yìí ni abà wa. Iṣẹ́ la bá wá, a wá ń darúgbó sí abà, ilé sì ń di ti ẹni tó ń bá wa ṣọ́ ọ. Kí ẹni tó ti lo ọgbọ̀n ọdún ní Houston wá fo ìlú dá, kó lọ kọ́lé sínú oko, abà ló kúrò tó tún bọ́ sí abà. (Ọ̀rọ̀ ààbò, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀, ẹni tó ń sun oko lónìí mọ ohun tójú rẹ̀ ń rí.) Wọ́n á ní sólà wà, íntánẹ́ẹ̀tì wà, kí ni wọ́n tún fẹ́ fi ìlú ṣe? Sólà ń tan iná, òótọ́ ni. Kì í béèrè ìdí tí ẹ ò fi jáde láti àárọ̀.

Àwọn tó fẹ́ràn Thoreau á ní kò fi nǹkan kan pamọ́, ó kọ ìnáwó rẹ̀ sílẹ̀ dórí sẹ́ǹtì. Mo gbà, ìdí tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ ju àwọn onífídíò lọ nìyẹn. Nínú ìṣirò yẹn kan náà ló ti sọ pé òun ò ka aṣọ fífọ̀ àti aṣọ títún rán mọ́ ọn, nítorí pé ìta ni wọ́n ti ń ṣe èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, òun ò sì tíì rí ìwé owó rẹ̀ gbà. Ó kúrò nínú ahéré náà ní 1847. Ìwé tó kọ nípa ibẹ̀ jáde ní 1854, alágbàfọ̀ ò sì tíì béèrè owó.