Igi Wà, Sítóòfù Wà, Òtútù Ń Pa Mí

Ẹ gbà mí lọ́wọ́ igi óákù. N kò jalè, n kò jẹ gbèsè, ṣùgbọ́n igi tí mo fowó ara mi rà ti sọ mí di ẹrú rẹ̀ ní Kent níbí. Òun wà lábẹ́ òrùlé tí mo kàn fún un, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí i lọ́tùn-ún lósì. Èmi wà nínú ilé, mo wọ súẹ́tà lórí súẹ́tà.

Owó gáàsì ló fà á. Nígbà tó gbówó lórí lọ́dún 2022, gbogbo ẹni tó lẹ́nu ló ní ká ra sítóòfù onígi. Ìyàwó mi ní ó máa bu ẹwà kún pálọ̀. Ó bu ẹwà kún un lóòótọ́: irin dúdú, ilẹ̀kùn onídígí, páìpù tó gba inú àjà yọ sókè òrùlé. Iye tí wọ́n gbà ká tó rí i fi síbẹ̀, ẹ jẹ́ n fi ìyẹn sínú. Bàbá òyìnbó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa wá wò ó, ó ní óákù ni kí n máa fi dáná, pé òun ni ọba igi. Ó wúwo, kì í tètè jó tán, ẹyin iná rẹ̀ sì ń pẹ́ nílẹ̀. Kò parọ́. Ọ̀rọ̀ pé kábíyèsí kì í gbẹ ni kò bá mi sọ.

Láti oṣù karùn-ún ọdún 2021, òfin England ni pé ẹni tó bá ń ta igi ìdáná tí kò tó kúbíìkì mítà méjì kò gbọdọ̀ ta èyí tí omi inú rẹ̀ ju 20% lọ. Òfin tó dára. Ṣùgbọ́n bí igi bá ti tó kúbíìkì mítà méjì, wọ́n lè tà á ní tútù, tí wọ́n bá ti fún oníbàárà ní ìwé tó ṣàlàyé bí yóò ṣe sá a. Ẹ wá ṣèdájọ́: ẹni tó ra díẹ̀ gba igi gbígbẹ, èmi tí mo ra púpọ̀ gba ìwé. Wọ́n da òkìtì sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n fi ìwé lé mi lọ́wọ́, ó dàárọ̀. Mo mú un lọ bá bàbá aládùúgbò. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọdún méjì péré ni."

Péré!

Kó tó gbẹ, ẹ ó là á. Orí àti ìdí ìtì ni omi ń gbà jáde jù, èèpo kì í jẹ́ kó gba ẹ̀gbẹ́, nítorí náà bí ẹ bá fi í sílẹ̀ ní odindi, ọmọ yín ni yóò fi í dáná. Ìtì tó gún régé kò ní wàhálà: àáké balẹ̀, ó dún pàù, ó pín. Àmọ́ kí kókó ẹ̀ka kan wà nínú rẹ̀! Àáké á wọlé, kò ní jáde mọ́. Ẹ ó gbé àáké tòun tìtì sókè, ẹ ó là wọ́n mọ́lẹ̀, àwọn ọmọ àdúgbò á máa yọjú lójú fèrèsé. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ọwọ́ yín: ó ti dúdú. Óákù ní oje kíkorò kan, tánínì ni wọ́n ń pè é. Bí oje yìí bá pàdé irin nínú omi, dúdú ló ń dà. Kókó tó máa ń so lára óákù àti irin ni àwọn òyìnbó àtijọ́ fi ń ṣe tàdáwà. Irú rẹ̀ ni wọ́n fi kọ Magna Carta, ìwé òfin àtijọ́ ilẹ̀ England, lọ́dún 1215. Mo bọ pásítọ̀ lọ́wọ́ lọ́jọ́ Ìsinmi. Ó wo ọwọ́ mi, ó wo ojú mi, ó ní òun á máa fi mí sádùúrà.

Títò ńkọ́? Kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀, kò gbọdọ̀ fara ti ògiri, ẹ bo orí rẹ̀, ẹ má bo ẹ̀gbẹ́. Mo tò ó lórí páálẹ́ẹ̀tì bí ẹni to iṣu sábà, mo fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí màmá mi ní Ṣakí. Wọ́n pè mí lójú ẹsẹ̀.

"Àjàní, ṣé o fẹ́ tà á ni?"

"Rárá, mà. Ó ń gbẹ ni."

"Kò sóòrùn lọ́dọ̀ yín ni?"

"Ó wà, mà. Ó máa ń wá kí wa."

Ìyàwó mi ló ní ká dán ẹyọ kan wò. Igi náà kò jó, ẹkún ló ń sun. Fóòmù ń yọ lórí, omi ń hó ṣìì nídìí, gbogbo ooru iná bá omi lọ. Dígí dúdú, ọ̀dà lẹ̀ mọ́ inú páìpù. Irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀ ló ń gbiná tó ń jólé. Àdúgbò wa tún wà lára ibi tí ìjọba ti ń ṣọ́ èéfín, lábẹ́ òfin tó bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1956, lẹ́yìn tí èéfín pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ní London ní oṣù Kejìlá ọdún 1952. Owó ìtanràn lè tó £300. Igi tí kò lè mú ilé gbóná lè mú mi san owó!

Mo ra ẹ̀rọ kékeré alábẹ́rẹ́ méjì tí wọ́n fi ń wọn omi inú igi. Mo tì í bọ ara ẹ̀là kan: 17%. Mo jó. Bàbá aládùúgbò ní inú ni wọ́n ń wọ̀n, kì í ṣe ara. Mo la ẹ̀là náà sí méjì, mo wọn àárín rẹ̀: 31%. Àwọn èèyàn ní kí n ní sùúrù, pé ẹni tó ní sùúrù ló ní ohun gbogbo. Mo ní in. N kò níná.

Ẹ̀yin ará Kent, igi ash ni mò ń wá báyìí, nítorí omi rẹ̀ kò pọ̀ látilẹ̀, kì í sì í pẹ́ gbẹ tó óákù. Bí ẹ bá mọ ẹni tó ní èyí tó ti gbẹ, ẹ bá mi bá a sọ ọ́, ká ṣe pàṣípààrọ̀. Óákù pọ̀ lọ́dọ̀ mi. Kò tíì gbẹ o, ṣùgbọ́n màá fún un ní ìwé rẹ̀.