Búrẹ́dì Ẹ̀gbọ́n Mi Kò Dé Eko Atlantic

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jókòó. Mo ti fi agbádá yín ṣe yẹ̀yẹ́, mo ti fi orí yín tó pá ṣe yẹ̀yẹ́. Tòní, búrẹ́dì ni.

Ẹ ra kánfáàsì tuntun, ẹ forúkọ sílẹ̀ fún Lagos City Marathon, kìlómítà 42 ó lé, láti Sùúrùlérè dé Eko Atlantic. Ìgbà tí ẹ sáré gbẹ̀yìn ni 2016, ọdún tí wọ́n dá eré náà sílẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, ajá ló lé yín.

Láàárọ̀ ọjọ́ eré, aago márùn-ún ààbọ̀, ẹ dojú kọ odidi búrẹ́dì Agége kan. Gbígbóná! Ẹ tẹ̀ ẹ́ báyìí, ó rọ̀ bíi tìmùtìmù. Ẹ fi tíì tó ti di omi ṣúgà tì í lọ. Mo ní ṣé eré la fẹ́ sá ni àbí ìsọmọlórúkọ là ń lọ. Ẹ ní kí n dákẹ́, pé ọkọ̀ tí kò bá mu epo kì í rìn.

Òótọ́ ni. Epo wo ni ẹ wá rà? Búrẹ́dì funfun a máa yára di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀, ara a sì sáré tu ínsúlíìnì síta láti kó o kúrò níbẹ̀. Lórí òṣùwọ̀n bí oúnjẹ ṣe ń yára gbé ṣúgà ẹ̀jẹ̀ sókè, tí David Jenkins àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní Toronto lọ́dún 1981, glúkóòsì jẹ́ 100. Ohun tó bá tó 70, iná koríko ni, ó ń jó bùlàbùlà. Ẹ̀wà kì í sábà tó 55, èédú nìyẹn. Ní Sydney lọ́dún 1991, wọ́n fún àwọn agunkẹ̀kẹ́ ní lentil, ìbátan ẹ̀wà, ní wákàtí kan kí wọ́n tó gùn ún. Ó fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 pẹ́ ju ìgbà tí wọ́n jẹ pòtétò lọ kó tó rẹ̀ wọ́n.

Koríko yín jó o! Ní Sùúrùlérè, ẹ ń juwọ́ sí oníkámẹ́rà bí ẹni tó ń du ipò gómìnà. Ní Gbàgádà, ọwọ́ ò gbé mọ́. Lórí afárá Third Mainland, ẹ di irin mú, ẹ ń wo àwọn apẹja Mákòókò bí ẹni tó fẹ́ wọkọ̀ ojú omi relé. Ìyá arúgbó kan ré yín kọjá. Ó ń rìn ni o. Ó tún kí yín pé, "Ẹ kú ìsinmi."

Kẹ́ ẹ má wá di gbogbo ẹ̀bi ru búrẹ́dì ṣá. Lọ́dún 1998, Louise Burke àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ọsirélíà rí i pé bí ènìyàn bá ń mu omi oníṣúgà lórí eré, oúnjẹ tó jẹ ṣáájú kì í fi bẹ́ẹ̀ mú ìyàtọ̀ wá mọ́. Ẹni tí kò sì fẹsẹ̀ rìn dé ibùdókọ̀ láti èṣí, gbogbo ẹ̀wà ọjà Òyìngbò kò lè gbé e dé Eko Atlantic.

Bí ẹ bá tún fẹ́ sá a, ẹ jẹ ẹ̀wà díẹ̀ ní wákàtí mẹ́ta ṣáájú, kẹ́ ẹ sì kọ́kọ́ dán an wò nílé. Àmọ́ lọ́jọ́ ìdánwò yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí èmi máa sáré níwájú.