Alága But-Ṣùgbọ́n

Láti Ìyànà Èjìgbò títí dé Òkè-Afá, ibikíbi tí àwọn onílé bá ti ń pàdé lọ́jọ́ Sátidé láti sọ̀rọ̀ gọ́tà àti tiransifọ́má, ẹ ó bá ọkùnrin yìí lórí àga kan ṣoṣo tó ní tìmùtìmù. Fìlà rẹ̀ gẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, fóònù méjì wà níwájú rẹ̀, ó sì ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọba. Lójú rẹ̀, alága la ń pè é. Bó bá ti kọ ẹ̀yìn sí wa, ó di Alága But-Ṣùgbọ́n.

Bàbá yìí kò lè fi èdè kan sọ ohunkóhun tán. Bí Òyìnbó bá ti jáde lẹ́nu rẹ̀, Yorùbá á sáré tẹ̀ lé e bí ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń gbé báàgì ọ̀gá rẹ̀. "But ṣùgbọ́n, ẹ̀yin landlord onílé, because nítorí pé time àkókò ti ń lọ, so nítorí náà, ẹ jẹ́ ká start ká bẹ̀rẹ̀." Ká bẹ̀rẹ̀ ni gbogbo ohun tó fẹ́ sọ. A ò sì tíì ní í bẹ̀rẹ̀, nítorí ó ṣì kù: "I personally, èmi fúnra mi, gẹ́gẹ́ bí ènìyàn," àfi bíi pé ẹnì kan ti fẹ̀sùn kàn án pé ewúrẹ́ ni.

Ọkọ̀ rẹ̀ kì í padà sẹ́yìn, ṣe ló máa ń "reverse back padà sẹ́yìn". Owó rẹ̀, inú "ẹ̀rọ ATM machine" ló ti ń gbà á. Káńsù wa tí wọ́n yọ lára Ọ̀ṣòdì-Ìsọlọ̀ lọ́dún 2003, Ejigbo LCDA ló ń jẹ́. Àgbègbè ni A tó wà nídìí orúkọ náà, síbẹ̀ alága ní "Ejigbo LCDA area àgbègbè wa".

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Ará Ìbàdàn tó pe iṣu ní isu kò ṣẹ̀ mí. Bí wọ́n ṣe ń pè é nílé wọn nìyẹn. Ẹni tó ń bí mi nínú ni ẹni tó mọ̀ ọ́n pè, tó wá mọ̀-ọ́n-mọ̀ bà á jẹ́. Kí àlejò kan ṣáà ti dé láti káńsù, ahọ́n alága á yí bìrí. Gb tí wọ́n bí mọ́ ọn lẹ́nu á pòórá. Èjìgbò á di "Ejibo", Ẹ̀gbẹ́ á di "Ebe". Ìlú tó ti ń gba owó ilé ni kò lè pe orúkọ rẹ̀ mọ́ yìí.

Lọ́dún 2018, Gómìnà Akínwùnmí Ambọ̀dé fọwọ́ sí òfin pé kí wọ́n máa kọ́ èdè Yorùbá ní ilé ìwé gbogbo ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ti ìjọba àti ti aládàáni. Inú alága dùn sí i dọ́ba: "It is a good law, òfin tó dára ni. Our children àwọn ọmọ wa must gbọ́dọ̀ sọ Yorùbá!" A pàtẹ́wọ́. Bí a ṣe ń pàtẹ́wọ́ lọ́wọ́ ni ọmọ-ọmọ rẹ̀ yọ lẹ́nu ọ̀nà, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, bàbá." Alága bojú jẹ́: "Say good morning."

Àwọn kan ní ká ṣàánú rẹ̀, pé bí èdè ṣe dà pọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu ni. Irọ́ ni. Ẹ lọ gbọ́ ọ lọ́jọ́ tó bá ń nájà lọ́dọ̀ oníbúlọ́ọ̀kù. Yorùbá rẹ̀ á máa já geere. Kò ní sí but, kò ní sí because. Nígbà tí owó tirẹ̀ bá wà ńbẹ̀, ó mọ ọ̀rọ̀ í ṣọ́ ná.

Owó tiwa ló ń mú un sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá kan dìde nípàdé, ó ní, "Alága, èló ló kù nínú owó tiransifọ́má?" Ìbéèrè ò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Alága ní: "That question, ìbéèrè yẹn, is very important, ó ṣe pàtàkì gan-an. We will look into it, a máa wá nǹkan ṣe sí i. But ṣùgbọ́n..." Ó sọ ọ́ títí oòrùn fi ká wa mọ́ abẹ́ kánópì, ẹyọ náírà kan ò jáde nínú ìdáhùn. Ìyá náà jókòó.

Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Odidi méjì ni alága ń sọ fún wa, àfi bíi pé kò sí ọmọlúàbí kankan láàárín wa.

Alága wa, a bẹ̀ yín, ẹ mú èdè kan. Òyìnbó ni o, Yorùbá ni o, a ó gbọ́. Èyí tí ẹ bá mú, ẹ fi sọ iye owó tó kù.