Wọ́n Kó Yunifásítì Wá Sílé Mi, Wọn Ò San Owó Ilé

Láti ọjọ́ tí mo ti gba CEP, ìwé ẹ̀rí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí mo sì gbájú mọ́ kájú rírà, mo rò pé èmi àti ilé ìwé ti pínyà pátápátá. Àṣé ó ń wá ọ̀nà ilé mi ni. Ọmọ mi obìnrin yege nínú BAC, ìdánwò àṣejáde girama, ó ní ìṣirò owó lòun fẹ́ kọ́. Àwọn kan wá sọ fún wa pé ayé ti lajú, pé kò sí à ń gba yàrá ní Calavi torí yunifásítì mọ́. Wọ́n ní orí íntánẹ́ẹ̀tì ni kíláàsì wà báyìí, ọmọ á jókòó ti ìyá àti bàbá rẹ̀ ní Bantè, á máa jẹ iyán ilé, á sì máa ka ìwé yunifásítì. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn létí mi. Mo ṣírò owó yàrá, owó oúnjẹ àti owó mọ́tò dé Cotonou, ọ̀nà tó ju 200 kìlómítà lọ, mo rẹ́rìn-ín. Mo sanwó.

Ẹ wá wo ohun tí mo rà lẹ́yìn ẹ̀rín. Fóònù ilé kéré jù, ìwé tí olùkọ́ fi ránṣẹ́ kò ṣeé kà lójú rẹ̀, mo ra kọ̀ǹpútà àlòkù. Kọ̀ǹpútà ń fẹ́ iná, iná ní tirẹ̀ a máa lọ nígbà tó bá wù ú, mo ra páńẹ́lì oòrùn. Nígbà tí òjò dé, tí ojú ọ̀run dì láti àárọ̀, páńẹ́lì jókòó sórí òrùlé bí àlejò tí wọn ò fún lóúnjẹ. Lẹ́yìn ìyẹn ni mégà íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ jẹ́ kí n mí díẹ̀ kí n tó dárúkọ mégà. Ní ilé ìwé tí èmi lọ, àwọn ló ni òrùlé, àwọn ló ni bẹ́ǹṣì, àwọn ló ni ṣọ́ọ̀kì. Nísinsìnyí èmi ni mo ni òrùlé, èmi ni mo ni tábìlì, èmi ni mo ń san owó iná, ìyá rẹ̀ ló ń gbọ́ oúnjẹ, àwa méjèèjì la tún ń ṣe ọlọ́dẹ. Owó ilé ìwé kò sì fi sẹ́fà kan dín.

Ìyẹn ṣì kéré. Mi ò lè sọ̀rọ̀ nínú ilé ara mi mọ́. Bí mo bá la ẹnu báyìí: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra, mo wà ní kíláàsì." Kíláàsì wo? Ẹ̀gbẹ́ ìkòkò omi! Ìyá rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan odó títí ẹ̀kọ́ á fi parí. Ní Bantè, láàárín ilẹ̀ iṣu, wọ́n ní ká má gúnyán! Ewúrẹ́ nìkan ni kò gba àṣẹ.

Ẹ̀gbọ́n mi àgbà yà wá kí wa láti Gouka. Ó kí ilé bó ṣe yẹ kí àgbà kí ilé. Ó kí èmi, ó kí ìyàwó, ó kí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó béèrè oko, ó béèrè ọjà, ó béèrè àlàáfíà àwọn àna mi ní Savalou. Ọmọ tí a tọ́ ni ọmọ mi, ó kúnlẹ̀. Bó ṣe kúnlẹ̀ ni ojú rẹ̀ pòórá nínú kọ̀ǹpútà. Ẹ̀gbọ́n mi kò sì tíì kí i tán, ọmọ kò lè dìde. Olùkọ́ ń pe orúkọ rẹ̀ lọ́hùn-ún, ó pè é títí, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò wá. Ọmọ wà nílé, ó wà ní kíláàsì, ó wà lórí ìkúnlẹ̀, wọ́n ní kò wá!

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní ibi tó fẹ́ràn, inú yàrá kò sì sí lára rẹ̀. Láàárọ̀, abẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé ló máa ń wà. Tó bá di ọ̀sán, á ṣí lọ sí ẹ̀bá títì. Bí ohùn olùkọ́ bá sì wọlé, ibi tó dára ló ti máa ń já: "Ohun tó ṣe pàtàkì jù lọ nínú ẹ̀kọ́ òní ni..." Ó parí. A ò mọ ohun tó ṣe pàtàkì jù lọ títí di òní olónìí. Bí ọ̀rọ̀ bá wá le, ọmọ á wọ mọ́tò lọ sí Savalou, á lọ jókòó nílé ìyá ìyá rẹ̀. Ẹ rí owó mọ́tò tí mo rò pé mo ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Ó ti padà dé.

Savalou náà ní ọjọ́ tirẹ̀. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ, nígbà tí àwọn ọmọ ìlú ń ti Cotonou àti òkè òkun dé wá jẹ iṣu tuntun, gbogbo wọn ló ń ya fọ́tò, gbogbo wọn ló ń fi í ránṣẹ́, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á sì há. Òru ọjọ́ yẹn gan-an ni kọ̀ǹpútà ilé ìwé dá gbèdéke fún wa pé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ wọlé kí agogo 12 tó lù. Bó bá jẹ́ olùkọ́ tó jẹ́ èèyàn ni, a ó bẹ̀ ẹ́, a ó rán àgbà sí i, a ó gbé iṣu dání. Ta ló fẹ́ gbé iṣu fún kọ̀ǹpútà?

Kì í ṣe èmi nìkan ni mò ń ké. Ní oṣù keje ọdún 2018, ìjọba Benin pàṣẹ pé mégà kọ̀ọ̀kan tí a bá lò lórí WhatsApp, Facebook àti irú wọn á máa san owó orí sẹ́fà 5. Gbogbo ìlú bú sí ariwo "Taxe pas mes mo", ẹ má gba owó orí lórí mégà mi, wọ́n sì fagi lé e nínú oṣù kẹsàn-án. Lọ́jọ́ 28 oṣù kẹrin ọdún 2019, lọ́jọ́ ìdìbò àwọn aṣòfin, wọ́n pa íntánẹ́ẹ̀tì gbogbo orílẹ̀-èdè. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ yẹ kó wọlé lọ́jọ́ yẹn ńkọ́? Nígbà tí Kòrónà ti ilẹ̀kùn àwọn yunifásítì ní 2020, tí Yunifásítì Abomey-Calavi gbé ẹ̀kọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ là á mọ́lẹ̀ pé fóònù kò tó, mégà sì wọ́n. Nígbà yẹn, àrùn ló ṣe sábàbí. Kí ló fà á báyìí?

Ẹ má pè mí ní ọ̀tá ìwé. Mo mọ̀ pé èèyàn lè ti ilé rẹ̀ kàwé, kó sì mọ̀wé. Láti 1858 ni Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ti ń jẹ́ kí ẹni tí kò gbé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ṣe ìdánwò rẹ̀, ọ̀nà yẹn ni Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sì gbà tó fi gba B.Com ní 1944. Ìwé tí wọ́n tẹ̀ ló ń kà. Ìwé kì í já lẹ́nu ọ̀rọ̀, kì í sì í jẹ mégà. Ní Nàìjíríà, wọ́n fi òfin dá NOUN, yunifásítì àwọn tó ń ti ilé kàwé, sílẹ̀ ní 1983, ìjọba ológun tì í pa ní 1984, ó tún dìde ní 2002. Olóyè Ọbásanjọ́, tó ti ṣe olórí orílẹ̀-èdè, gba oyè ọ̀mọ̀wé níbẹ̀ ní 2018. Mo bá a yọ̀, àmọ́ mi ò gbọ́ pé abẹ́ igi máńgòrò ló ti ń wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì. NOUN ní ibùdó káàkiri àwọn ìpínlẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ mọ ilẹ̀kùn tí òun lè kàn.

Kí ló dé tí a ń lọ jìnnà? Nígbà tí IFADEM, ètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láwọn ilẹ̀ tó ń sọ Faransé, bẹ̀rẹ̀, Benin wà lára orílẹ̀-èdè mẹ́rin tó kọ́kọ́ gbà á, pẹ̀lú Burundi, Haiti àti Madagascar. Wọn ò sọ pé kí olùkọ́ lọ jà fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Wọ́n fún un ní ìwé tó lè gbé sínú àpò, wọ́n fi ẹni tó ń tọ́ ọ sọ́nà tì í, wọ́n dá ọjọ́ tí àwọn tó jọ ń kẹ́kọ̀ọ́ yóò pàdé, kọ̀ǹpútà sì wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí a lú pọ̀ nìyẹn. Èyí tó wà nílé mi, ẹ̀yà kan ṣoṣo ni wọ́n fi ṣe é, mégà, èmi ni mo sì ń rà á.

Èyí tó wá dùn mí jù ni ìdánwò. Lẹ́yìn gbogbo ọdún tí àwọn ará yunifásítì yìí ò fi ẹsẹ̀ tẹ Bantè, wọ́n ní kí ọmọ wá jókòó lójú wọn ní Cotonou, kí wọ́n lè dá a mọ̀. Ọmọ á wọ mọ́tò, á wọ̀ sílé ìbátan, ìbátan á sì ti pè ṣáájú pé òun ń retí gàrí Savalou, kí a má gbàgbé iṣu. Bí mo ṣe mọ̀, Savalou ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, kọ́lẹ́ẹ̀jì ní yàrá, yàrá ní bẹ́ǹṣì, àwọn olùkọ́ tó lè dúró ṣọ́ ìdánwò sì ń gbé ibẹ̀. Ìwé ìdánwò kì í béèrè oúnjẹ lọ́nà, kì í sùn sílé ìbátan, kò sẹ́ni tó ń retí gàrí lọ́wọ́ rẹ̀. Kí wọ́n fi sínú àpòòwé, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́, kí òun náà wọ mọ́tò. Kí ọmọ mi jókòó.