Àkísà Àgbà ní Ọjà Gbàǹjo

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹ̀gàn wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ìtùnú sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àgbàlagbà tí ọmọ àná wọṣọ jù lóde ló ń fi í rẹ ara rẹ̀ lẹ́kún. Ó mọ̀ pé owó lè ra sányán, owó lè ra àlàárì, ṣùgbọ́n àkísà tó dì sábẹ́ ibùsùn rẹ̀, ọdún ló hun ún. Èyí ló fi gbéyàwó, èyí ló fi kó àkọ́bí rẹ̀ jáde, èyí ló wọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n sin bàbá rẹ̀. Ta ni yóò rí irú rẹ̀ rà lọ́jà? Ta ni yóò tilẹ̀ gbé e wá tà?

Ẹni tó pa òwe yìí kò mọ gbàǹjo ìlú òyìnbó.

Mo ní àbúrò kan ní Lẹ́kí, ọmọ ọdún 31, tí owó mọ ọ̀nà ilé rẹ̀ dáadáa. N kò ní dárúkọ rẹ̀, torí ó máa ń ka ìwé. Lọ́jọ́ kan ó pè mí: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá wo nǹkan.” Mo rò pé mọ́tò ni. Nígbà tí mo débẹ̀, ó ti wọ ìbọ̀wọ́ funfun bí ẹni fẹ́ gbẹ̀bí. Ó fa dúrọ́ọ̀ kan, ó ṣí páálí, ó ká bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kúrò, ó fi fọ́tò kan hàn mí. Ọṣẹ ni. Ọṣẹ kan ṣoṣo lórí àwo, ní dúdú àti funfun. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti yà á láti fi polówó ọjà nínú ìwé ìròyìn àtijọ́. Onífọ́tò tó yà á, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Iye tó fi rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ra ọṣẹ tí gbogbo àdúgbò mi yóò fi wẹ̀ títí di Iléyá.

Mo nawọ́ sí i. Ó lọgun. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, òógùn ọwọ́!” Ó wá yí fọ́tò náà padà, nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an ló ń pa á bí ọtí. Òǹtẹ̀ ilé iṣẹ́ ìpolówó wà níbẹ̀, pẹ̀lú pẹ́ńsùlù pupa tí wọ́n fi sàmì sí ibi tí atẹ̀wé yóò gé e dé, nọ́ńbà wúruwùru kan, àti àpá ìdí ife tíì. “Ẹ wo àpá tíì yìí,” ó ní, bí ẹni ń fi ilà ojú ọba hàn mí.

Ẹ má kàn rẹ́rìn-ín rẹ̀. Bí òwò náà ṣe rí nìyẹn káàkiri ayé. Fọ́tò tí àwọn tó ń kó irú rẹ̀ jọ ń pè ní vintage, kì í ṣe pé ó gbó nìkan ló tó. Wọ́n fẹ́ kó jẹ́ pé láàárín ọdún díẹ̀, bí ọdún márùn-ún, sí ìgbà tí wọ́n ya fíìmù náà ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, kó sì jẹ́ ọwọ́ ẹni tó yà á ló tẹ̀ ẹ́, tàbí kó dúró ti ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Bí onífọ́tò kan náà bá mú fíìmù kan náà lẹ́yìn 30 ọdún, tó tẹ òmíràn tó mọ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ, owó rẹ̀ a já wálẹ̀. Aṣọ nìyẹn. Àkísà ni wọ́n ń wá. Bẹ́ẹ̀ láyé tí wọ́n ya àwọn fọ́tò wọ̀nyí, bí atẹ̀wé bá ti lò ó tán, iṣẹ́ rẹ̀ parí, ó di inú dúrọ́ọ̀ tàbí inú garawa ìdọ̀tí.

Lọ́dún 1922, onífọ́tò Paul Outerbridge ya kọ́là kan fún ilé iṣẹ́ Ide ní Amẹ́ríkà. Kọ́là funfun lásán ni, irú èyí tí wọ́n ń so mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, lórí pátákó ayò tó pín sí dúdú àti funfun. Ìwé ìròyìn Vanity Fair gbé e jáde. Marcel Duchamp, ọkùnrin tó gbé àwo ìtọ̀ lọ síbi àfihàn iṣẹ́ ọnà ní New York lọ́dún 1917, rí ìpolówó náà, ó fa ojú ìwé ọ̀hún ya, ó sì fi í kọ́ ògiri yàrá iṣẹ́ rẹ̀ ní Paris. Ọkàn mi fà mọ́ ọkùnrin yẹn. Owó ìwé ìròyìn kan ló ná an. Kò wọ ìbọ̀wọ́, kò sì yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò bóyá tíì ti dà sí i. Lónìí, ta ló tún ń wọ kọ́là àsomọ́ṣẹ́ẹ̀tì? Ọjà ti kú, akéde ọjà ló kù tí wọ́n ń gbé jó.

Èyí tó wá jù ni ti ilé aránṣọ Dior. Lọ́dún 1955, onífọ́tò Richard Avedon ya Dovima, obìnrin tó ń fi ara polówó aṣọ, láàárín àwọn erin ní Cirque d'Hiver ní Paris, aṣọ Dior lọ́rùn rẹ̀. Ìwé ìròyìn Harper's Bazaar ló yà á fún, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ta ni kò mọ ọjà tí àwòrán náà ń tà? Lóṣù kọkànlá ọdún 2010, wọ́n gbé ẹ̀dà ńlá kan lọ sí gbàǹjo Christie's ní Paris, ó sì lọ ní 841,000 owó Yúrò. Ẹni tó rà á ni ilé Dior fúnra rẹ̀. Ẹ wo ìyá alákàrà tó kígbe “àkàrà gbóná rèé o” láàárọ̀, tó wá tu owó àpò rẹ̀ lálẹ́ láti ra igbe náà padà.

Richard Prince, oníṣẹ́ ọnà kan, kò tilẹ̀ dúró de kí nǹkan gbó. Iṣẹ́ rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ Time-Life ni kí ó máa gé àpilẹ̀kọ inú ìwé ìròyìn fún àwọn òǹkọ̀wé. Ìpolówó ló máa ń ṣẹ́kù sí i lọ́wọ́. Ó bá mú kámẹ́rà, ó ya ìpolówó sìgá Marlboro, darandaran orí ẹṣin tí gbogbo ayé mọ̀, láìfi ọ̀rọ̀ sí i. Lóṣù kọkànlá 2005, ọ̀kan nínú wọn lọ ní $1,248,000 ní New York. Ẹni tó kọ́kọ́ jẹ eruku pápá kó tó rí darandaran náà yà kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà. Fọ́tò àkísà ti wọ́n ju ẹ̀wù lọ.

Níbi tí àkísà bá ti di owó, aránṣọ a máa rán an. Ní nǹkan bí 1932, onífọ́tò Man Ray ya obìnrin kan tó ń sunkún, wọ́n sì fi àwòrán náà polówó oríṣi tìróò òyìnbó kan. Omijé ojú rẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì ni. Ó yẹ kí a ti fura láti ibẹ̀. Ní ìparí àwọn ọdún 1990, olùkójọ kan ní Jámánì rí i pé ọ̀pọ̀ fọ́tò Man Ray tí òun ti fi òbítíbitì owó rà jẹ́ ayédèrú. Lára wọn wà lórí bébà tí wọn kò tíì ṣe nígbà tí Man Ray kú lọ́dún 1976. Láti àwọn ọdún 1950 làwọn tó ń ṣe bébà fọ́tò ti ń fi èròjà amúfunfun sí i. Ẹ gbé e sábẹ́ iná àwọ̀ àlùkò nínú òkùnkùn: bó bá tàn bí aṣọ tí wọ́n fi búlúù ṣan, ọmọ àná ni, ì báà ṣàmì ọdún 1930. Àbúrò mi ti ra iná náà. Ó ń tàn án sí ọṣẹ rẹ̀ lálaalẹ́.

Yàtọ̀ sí ìgbà náà, ọṣẹ kì í rí iná. Ìmọ́lẹ̀ lè bà á jẹ́, ooru lè bà á jẹ́, ọ̀rinrin Èkó ńkọ́? Nítorí náà ẹ̀rọ amúlétutù kì í sinmi nínú yàrá yẹn, bí iná bá sì lọ, jẹnẹrétọ̀ a gbà á. Àwòrán tí wọ́n yà kí gbogbo ayé lè rí i wà lábẹ́ àgádágodo kí ẹnikẹ́ni má baà rí i. Dísù ń jó nítorí ọṣẹ tí kò lè hó.

Mo bi àbúrò mi bóyá ó ti gbọ́ nípa J. D. 'Okhai Ojeikere, tó jẹ́ onífọ́tò ní ilé iṣẹ́ West Africa Publicity níbí ní Èkó láti 1963 títí di 1975, ilé iṣẹ́ ìpolówó gan-an. Láti 1968 ló ti ń ya irun orí àwọn obìnrin wa, ṣùkú, onílé gogoro, títí orúkọ rẹ̀ fi dé Paris, tó fi dé Venice.

“Ta ni yẹn?”

Mo dákẹ́. Kí ni mo fẹ́ sọ? Èmi tí mo fi kàlẹ́ńdà onípolówó bo ìwé iléèwé mi láti kíláàsì kìíní dé ìkẹfà, tí mo jẹ àkàrà inú bébà ìpolówó títí epo fi pa ojú ẹni tó ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀ rẹ́.

Mo wá sọ ìtàn Margaret Watkins fún un. Ọmọ Kánádà ni. Ó ya ọṣẹ, ó ya wàràkàṣì fún ìpolówó ní New York láàárín àwọn ọdún 1920, ó sì kọ́ àwọn ẹlòmíràn ní iléèwé fọ́tò Clarence White. Lọ́dún 1928, ó lọ kí àwọn àǹtí rẹ̀ ní Glasgow, kò padà mọ́. Nígbà tó dàgbà, ó gbé àpótí dídì kan fún aládùúgbò rẹ̀, ó ní kò gbọdọ̀ ṣí i títí òun yóò fi kú. Ó kú lọ́dún 1969. Ọkùnrin náà ti mọ̀ ọ́n tipẹ́, kò gbọ́ ọ rí lẹ́nu rẹ̀ pé òun ya fọ́tò. Ó ṣí àpótí. Fọ́tò ló kún inú rẹ̀.

Àbúrò mi ò mira. Fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà, ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀. Ìró jẹnẹrétọ̀ nìkan là ń gbọ́.

“Ẹ̀gbọ́n,” ó ní, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, “àwọn fọ́tò inú àpótí yẹn, ṣé òǹtẹ̀ wà lẹ́yìn wọn?”